Ta Ló Gbé Èsì Jàrátù?

Ràímì, mẹ́sẹ́ńjà ilé-ìwé girama kan ní Àrándùn, ló kọ́kọ́ rí i. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún 1984. Ó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì pirinsípà, ó ní kí òun wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Lórí ilẹ̀ tó fi pólíìṣì pupa pa ní ìrọ̀lẹ́ àná, ipa ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ti wà níbẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, láti ibẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìwé kan ṣoṣo ló sọnù: èsì ìdánwò Jàrátù. Nínú gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà, òun nìkan ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún tí wọ́n ń bèèrè kéèyàn tó wọ ilé-ìwé gíga. Mẹ́fà ló tiẹ̀ rí, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀. Lọ́la ni wọ́n ń retí rẹ̀ ní Ìlọrin, ojúlówó ìwé yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ rí. Bí kò bá mú un dé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi àyè rẹ̀ fún.

Asisat, ọmọ Ràímì fúnra rẹ̀, kírẹ́díìtì méjì péré ló rí. Láti ìgbà tí èsì ti dé, bó bá ti rí bàbá Jàrátù, àgbẹ̀ ará Agbamu tí kò mọ ABD, tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tó jẹ ata. Lánàá gan-an, bó ṣe ń nu kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé ì bá dára kí ìwé náà sọnù. Ó ti wá sọnù.

Inspẹ́kítọ̀ Awóyẹmí dé láti Ọ̀mù-Àrán kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbóhùn sókè ni. Ó lóṣòó, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Pirinsípà Adéoyè ní aago mẹ́rin lòun lọ sílé, òun sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Ràímì. Ràímì ní òun pa ilẹ̀ tán, òun fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ní yàrá àwọn tíṣà bí òun ti máa ń ṣe, òun sì lọ sílé.

Tíṣà Bùkárì, tó ń kọ́ wọn ní Ìtàn, sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ wo ẹsẹ̀ Bàbá Asisat. Ó pọ́n bí osùn. Ọmọ tirẹ̀ ò yege, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò bá a lára mu."

"Ṣé òótọ́ ni?" Inspẹ́kítọ̀ bi í.

Ràímì ò lè gbójú sókè. "Òótọ́ ni, sà. Mo jowú. Ṣùgbọ́n... mi ò mú nǹkan kan, sà."

"Báwo lẹ ṣe máa ń pa ilẹ̀ yìí?"

"Láti... láti ìdí fèrèsé, sà. Mo máa ń kúnlẹ̀, màá máa fẹ̀yìn bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Màá wá tìlẹ̀kùn."

"Kẹrosíìnì ńkọ́? Mo gbóòórùn rẹ̀."

Ràímì kọ́kọ́ wojú pirinsípà kó tó jẹ́wọ́. Pólíìṣì ti di ọ̀wọ́n. Agolo tí wọ́n fún un fún oṣù kan, kó lè tó oṣù mẹ́ta, kẹrosíìnì ló ń bù lù ú. Kì í tètè gbẹ, ó di ọjọ́ kejì. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Inspẹ́kítọ̀ gba àga, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò níbi tí àwọn tíṣà ti ń kírun. Nígbà tí àkókò ìrun àìlà tó, wọ́n ń ṣe àlùwàlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ràímì náà fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pupa yẹn ò kúrò. Àyè ìmáàmù nìkan ló ṣófo. Tíṣà Bùkárì tó máa ń ṣíwájú wọn lójoojúmọ́ jókòó sínú yàrá àwọn tíṣà, ó ń máàkì ìwé.

Inspẹ́kítọ̀ lọ bá a, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. "Tíṣà, wọ́n ń dúró dè yín."

"Ara mi ò yá lónìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bọ́ bàtà, kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín lẹ́sẹ̀."

Bùkárì fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga.

"Ẹni tó ń fẹ̀yìn pa ilẹ̀ kì í padà tẹ̀ ẹ́," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ìyẹn ló yọ Bàbá Asisat. Ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ bàtà kó má bàa ró, ó rò pé ilẹ̀ ti gbẹ. Kò mọ̀ nípa kẹrosíìnì. Ó délé, ó fọ ẹsẹ̀ títí, kò mọ́. Mo wá jókòó síbi tí gbogbo yín ti gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò wá."

Tíṣà Bùkárì tú okùn bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ àpò ìwé kan jáde. Èsì ìdánwò méje ló wà nínú rẹ̀, orúkọ Bùkárì fúnra rẹ̀ ló wà lára gbogbo wọn, kò sì sí kírẹ́díìtì Ìṣirò nínú ọ̀kankan. Ti Jàrátù ló ṣìkẹjọ.

"Ọdún méje," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ Jàrátù bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jókòó ṣe ìdánwò. Mo kàn ní kó dúró dè mí fún ọdún kan ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ràímì mọ ọ̀rọ̀ yẹn, àfi bíi pé ẹnu òun ló ti jáde.

Inspẹ́kítọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pirinsípà fọwọ́ sí i. Ó bèèrè ẹni tó máa gbé ìwé náà dé Agbamu kí ọjọ́ tó rọ̀. Ràímì ní òun ni. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á.

Lójú ọ̀nà, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ka kírẹ́díìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni lóòótọ́. Ó ṣì ń ta á nínú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Jàrátù kúnlẹ̀, omi ojú ń dà lójú rẹ̀, ó ń pè é ní bàbá. Ràímì ní kó dìde, ó na ìwé sí i, ṣùgbọ́n kò tètè fi í sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí, "tó o bá ti Ìlọrin dé... ṣé wàá lè bá Asisat wo Ìṣirò yẹn?"

Jàrátù ní òun á wá. Ìgbà yẹn ló tó jọ̀wọ́ ìwé náà.