Sáàmù Ìyá Aránṣọ

"Ṣé o ti kà á dópin?"

Bàbá Aláago ló béèrè. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, òwú funfun bo ojú ọ̀tún rẹ̀ níbi tí dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ Ajé. Aago mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí èyí tó yára, kò sí èyí tó falẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fẹ́ ohun gbogbo nìyẹn. Òun ló ń tún aago ṣe ní àdúgbò náà, òun náà ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo ti kà á, Bàbá," ni Ohùn-Iyọ̀ dáhùn.

Irọ́ ni. Ẹsẹ méjì péré ló kà tó fi pa Bíbélì dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ohùn rẹ̀ tó dùn ni wọ́n fi ń pè é ní Ohùn-Iyọ̀, orúkọ náà kò sì jẹ́ kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàbá Aláago ti gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́. Ìyá Aránṣọ, obìnrin tó rán gbogbo aṣọ tí ẹgbẹ́ akọrin ń wọ̀, ti pàdánù ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú ọmọ náà lọ. Àga kan náà lòun àti Ohùn-Iyọ̀ jọ ń jókòó sí ní kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ń dúró sí bí wọ́n bá ń kọrin. Oṣù márùn-ún ti kọjá, ìyá náà kò fọwọ́ kan máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́kọ́ wá kí i ní kó nu ojú nù, pé ẹkún náà ti tó. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́, àfi Bàbá Aláago. Òun ló wá bẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ Sáàmù kejìdínláàádọ́rùn-ún di orin," ló wí. "Gbogbo rẹ̀. Ẹ má gé ibì kankan. Kí àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń kọrin wá kọ ọ́ níwájú mi. Bí wọ́n bá lè kọ ọ́ tán, n ó mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́ mi."

Bàbá Aláago lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóògbé ni kó ṣe é. "Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé," ló sọ fún Ohùn-Iyọ̀ lọ́jọ́ náà. "Kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó wá ohùn sí i."

Ọmọ náà ṣí Bíbélì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wúwo. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ ìkérora láti yàrá kejì. Ó ní òun á padà sí i lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Fóònù rẹ̀ kò sinmi fún ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ Ẹtì ti wá dé báyìí, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń lọ sílé Ìyá Aránṣọ.

"Ó dáa," ni Bàbá Aláago wí. "Dókítà ní n kò gbọdọ̀ kàwé, n kò gbọdọ̀ jáde lọ́la. N kò ní lè wá síbi ìdánrawò. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹrú. Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Ohùn-Iyọ̀ jáde níbẹ̀, ó gba ilé Kíámọ́sá lọ tààrà.

Kíámọ́sá ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí tí wọ́n jọ ń kọrin, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í parí kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tó parí tí kò ní àbùkù. Ó ń sá aṣọ lọ́wọ́, omi ṣì ń ro tótó lára aṣọ tí kò fún dáadáa.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" Kíámọ́sá bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Ṣé Bíbélì tuntun lò ń kọ ni? Gbé fóònù wá jàre."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọgbọ́n àtọwọ́dá ló máa bá wa kọ ọ́. Èmi ò ní ṣe nǹkan kan, ìwọ náà ò ní ṣe nǹkan kan. Ṣé o rí i pé ayé ti dẹ̀?"

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ Sáàmù náà sí i. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni wọ́n tẹ̀, wọ́n wá fi kún un pé kí orin náà dùn, kó wọni lára, kó sì múnú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ dùn. Kò pé ìṣẹ́jú kan, orin ti dé. Dùùrù wà nínú rẹ̀, ìlù wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohùn tó mọ́ gaara sì wà nínú rẹ̀, tí ẹyọ kan kò mí láàárín wọn. Ègbè rẹ̀ lọ báyìí:

Òwúrọ̀ ti dé, mo ti gbàgbé ẹkún,
Mo wọ bàtà ijó, mo ti jáde.

"Yéè!" Kíámọ́sá ń mi èjìká. "Orí mi wú!"

"Ṣé bó ṣe wà nínú Bíbélì nìyẹn?"

"Ṣebí Sáàmù ni? Kí ló tún máa wà nínú Sáàmù ju ìyìn lọ? Àbí ta ló sọ fún Bàbá pé òun ti kà á? Èmi kọ́ o."

Bíbélì wà nínú àpò tí Ohùn-Iyọ̀ gbé kọ́ èjìká. Ẹsẹ méjìdínlógún ni gbogbo Sáàmù náà. Kíkà rẹ̀ kò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò ṣí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó fi orin náà kọ́ àwọn tó kù. Àwọn mẹ́jọ ló wà níbi ìdánrawò, Bíbélì mẹ́jọ ló wà lórí ìjókòó. Wọ́n jó títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wọn lára. Kò sí ẹni tó ṣí ìkankan nínú Bíbélì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ohùn-Iyọ̀ fa Bàbá Aláago lọ́wọ́ wọ yàrá ìgbàlejò Ìyá Aránṣọ. Ìyá náà ti nu àga sílẹ̀ dè wọ́n. Aṣọ ibùsùn bo máṣíìnì ìránṣọ, téèpù ìwọnṣọ sì ń fì lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, sálúbàtà ilé ìwé kan wà nílẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Okùn ti òsì ti já nígbà kan rí, wọ́n fi òwú dúdú rán an. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Ìyá Aránṣọ jókòó, ó ṣí Bíbélì sórí orúnkún, ó fi ìka sí ẹsẹ kìíní kó lè máa bá wọn lọ.

Kíámọ́sá tan sípíkà kékeré tó gbé dání. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà gbé orí sókè, ó tún wo ìwé. Ìka rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Kò rí ibi tí yóò gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé ègbè, àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń yí. Kíámọ́sá yí débi ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ọ̀kan nínú sálúbàtà náà, bàtà náà sì fò lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò mọ̀. Ó rí omi lójú Ìyá Aránṣọ, ó rò pé orin ló dùn mọ́ ọn, ó wá gbé ohùn sókè sí i.

"Ẹ dákẹ́!" Bàbá Aláago ti gbé ọwọ́ sókè.

Wọ́n dákẹ́. Ẹ̀rọ kò dákẹ́. Kíámọ́sá ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, ẹ̀ẹ̀mejì ni sípíkà tún pariwo pé òun ti gbàgbé ẹkún kó tó kú.

Ìyá Aránṣọ dìde. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú sálúbàtà náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tò ó ti ìkejì rẹ̀.

"Ta ló gbàgbé?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

Kíámọ́sá gbé sípíkà pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mò ń bi. Ta ló gbàgbé? Ṣé èmi ni?"

"Màmá, ẹ má bínú…" ni Ohùn-Iyọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà na Bíbélì sí i. "Fi ìka hàn mí. Fi ibi tí bàtà ijó wà hàn mí."

Ìgbà náà ni Ohùn-Iyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹsẹ tó kẹ́yìn. Kò sí òwúrọ̀ níbẹ̀. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀! Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀ yín nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni tó sunkún dópin, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó nu ojú nù. Ẹ wá gbé e, ẹ da ṣúgà lé e lórí, ẹ ń fi jó lójú mi." Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo oúnjẹ tó ti kan. "Ẹ jáde. Gbogbo yín rí mi lára."

Níta, Bàbá Aláago dúró.

"Ẹ̀rọ ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ohun tó dùn lẹ ní kó gbé wá, ohun tó dùn ló gbé wá. Aago lè sọ fún ọ pé agogo mẹ́ta ti lù. Kò lè sọ fún ọ pé ọmọ ẹnì kan kú ní agogo mẹ́ta. Ìwọ ló yẹ kó mọ ìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọ́."

Ohùn-Iyọ̀ na ọwọ́ kó lè fà á. Arúgbó náà kò gbà á. Ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri, ó fi ojú kan lọ sílé.

Ìyà tó kù tún wá burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ ti gba orin náà sílẹ̀ níbi ìdánrawò. Kó tó di Ọjọ́rú, ó ti wà nínú fóònù gbogbo àdúgbò. Ìyá Ohùn-Iyọ̀ fúnra rẹ̀ ń kùn ún bó ṣe ń gbálẹ̀. "Ọmọ mi ló kọ eléyìí o!" ló ń sọ fún àwọn aládùúgbò. Létí ọmọ náà, adùn orin yẹn wá dà bí ọ̀rá tútù tó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

"A ti gbajúmọ̀!" ni Kíámọ́sá wí. "Ìyá yẹn ló le jù."

"Pa á rẹ́."

"Kí ni n pa rẹ́? Ṣé orí ẹ dá báyìí?"

"Kíámọ́sá, mo ní kó o pa á rẹ́! Ọ̀rẹ́ wa ló ni bàtà tó o gbá!"

Kíámọ́sá wo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì pa á rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa á rẹ́ nínú fóònù ẹlòmíràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohùn-Iyọ̀ wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹsẹ méjìdínlógún náà sílẹ̀. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó sunkún fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹkún tó ti ń sá fún láti oṣù márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wá ohùn sí i. Nígbà tó gbé e lọ bá Bàbá Aláago, arúgbó náà kò gbà á yẹ̀ wò. Ó ní, "Gbé e lọ fún ẹni tó ni ín."

Ilẹ̀kùn Ìyá Aránṣọ kò ṣí. Ohùn-Iyọ̀ dúró síta nínú oòrùn òwúrọ̀, òun nìkan, láìsí sípíkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohùn rẹ̀ kán ní ẹsẹ kẹsàn-án. Kò padà sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ dé òkùnkùn, ó dákẹ́ síbẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un.

Ohùn Ìyá Aránṣọ jáde láti inú ilé.

"Ohùn rẹ kán ní ẹsẹ kẹsàn-án."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. N ó tún un ṣe."

"Má tún un ṣe. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá ń bọ̀, pe èkejì rẹ tó gbá bàtà yẹn. Kí òun náà kọ́kọ́ kà á."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀rọ lè bá èèyàn wá ohùn sí orin, kò lè bá a gbọ́ ẹkún ẹnìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò bá kà, a kò lè jẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ẹsẹ méjìdínlógún. Ẹni tí kò bá ní ìṣẹ́jú méjì fún ẹlẹ́kún, kó má gbé orin lọ bá a.