Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Ọkọ̀

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni Agnes kọ́kọ́ rí. Ó wà lórí stíárìn ọkọ̀ mẹ̀sí pupa tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú, ó nípọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tó ń jẹ orógbó, ó sì ń rọra fà wálẹ̀ sórí síátì. Ìka rẹ̀ ti kàn án kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nọ́ọ̀sì ni Agnes. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tó ti ń nu ohun tó ń jáde lára èèyàn, ara rẹ̀ kì í sì í tètè kọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kọ ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Jáàkì lásán ló wá mú, torí táyà ọkọ̀ Kòróólà wọn ti tún rọ̀, Olúwatósìn ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń dúró kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwé. Títì pa ló bá mẹ̀sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì kúrò nílé. Ọláníyan ọkọ rẹ̀ kò jẹ orógbó rí láyé rẹ̀. Ó ní ó korò. Ta ló wá tutọ́ síbẹ̀?

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, bó ṣe ń wakọ̀ lọ sí Ìkòtún, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá sún mọ́ imú ló ń gbọ́ òórùn kan bíi ti ẹran tí a gbàgbé sínú ike.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjì yẹn ti ń kó Agnes nírìíra tipẹ́tipẹ́. Kòróólà ni ọkọ̀ ilé. Ó ti gbó, ó ń wúkọ́ bí arúgbó, bírékì rẹ̀ ń ké, okùn ni wọ́n sì fi de ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òun ló ń gbé Agnes lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbé ọmọ, òun ló ń ru àpò gààrí àti ike omi, òun náà ló sì ń bọ́ sínú kòtò títí dé Ìjẹ̀gùn bí Agnes bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀. Mẹ̀sí ní tirẹ̀ kò gbé nǹkan kan. Onílẹ̀kùn méjì ni, irú spọ́ọ̀tì kà tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe fáàrí láyé ọjọ́un, pupa fòò, tí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ọláníyan kan páànù tuntun bò ó lórí nígbà tí òjò ń jò sínú ilé ìdáná. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń gbé e jáde, kò sì ní kọjá Gowon Estate, kí eruku má baà kàn án.

Bí Agnes bá dárúkọ bírékì, Ọláníyan á ní, "Mummy Tósìn, Kòróólà yẹn ṣì ń lọ, jàre."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọláníyan ní tirẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń fi òróró pa ara ohun tí kò ní làpálàpá rárá. Agnes a máa dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fi aṣọ rírọ̀ nu ìdí ọkọ̀, á sì pòṣé.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọláníyan, akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, onímọ̀ọ́tótó tí kò lè jẹun kó má tíì wẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dẹ́rù bà á nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwúkọ́ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni orógbó. Ọláníyan á jẹ ẹ́ títí, á ha ọ̀fun hààà, á sì tu ú sínú ife tí wọ́n fi ń mu omi. Kò wẹ̀ mọ́. Ó ní omi ń mú òtútù bá òun. Kò gé èékánná mọ́. Àwọn èékánná náà gùn, wọ́n pọ́n, wọ́n ń ká kò, bí ọ̀kan bá sì ṣẹ́, orí tábìlì oúnjẹ ló ń fi í sí. Ó lè jẹ ẹran títí kó rọ̀, kó yọ ọ́ lẹ́nu, kó wò ó, kó tún dá a padà sẹ́nu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Inú mẹ̀sí ló ń jókòó sí látàárọ̀, á gbé ọwọ́ lé stíárìn, kò sì ní ṣíná.

Tósìn kò jẹ́ kó gbé òun mọ́ra mọ́. "Mummy, ẹnu Daddy ń rùn bíi gọ́tà," ni ọmọ náà wí. "Ó tún ń pè mí ní Títí."

Bí ojú ẹni bá ń ṣèpin, ojú ẹni la fi ń hàn. Agnes bá a nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi aṣọ bo imú, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Daddy Tósìn, ẹ má bínú o. Ẹ ń rùn."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ooru ibẹ̀ ló pọ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò sì wá mi wá, ìwọ obìnrin yìí."

Ọláníyan kò pè é ní "ìwọ obìnrin yìí" rí. Agnes wo ojú rẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì mọ àìsàn bó bá rí i. Èyí kì í ṣe àìsàn. Kì í ṣe ikú ọkọ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù mọ́. Ohun tó ń bẹ̀rù ni pé ọkọ òun ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíràn sì ń jókòó sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn, ó padà sílé, ó tú ìwé mẹ̀sí jáde.

Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Henry Akínbọ́lá. Olóyè kan ni, ó ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ta ọkọ̀ náà fún Ọláníyan ní Abúlé Ẹ̀gbá. Nọ́ńbà ọmọ náà wà lẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: Títí. Agnes rántí ohun tí Tósìn sọ. Ó tẹ nọ́ńbà náà.

"Ẹ káàsán o. Èmi ni ìyàwó ẹni tó ra mẹ̀sí pupa lọ́wọ́ yín."

Ohùn Títí ti lọọlẹ̀. "Ṣé ó ti ń rùn ni?"

Ó wá ṣàlàyé. Inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá wọn kú sí, nínú gàréèjì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ilé rò pé ó lọ sí ìlú wọn ni. Ọjọ́ kẹta ni òórùn fà wọ́n débẹ̀. "Ara wọn ti ń ṣàn, àǹtí. A fọ síátì yẹn lẹ́ẹ̀mejìlá. Òórùn náà lọ, Olúwa ló gbọ́. Kò yẹ kó tún padà, àfi tí ẹnìkan bá lọ pe bàbá."

"Ta ló máa pè wọ́n? Ta ló mọ̀ wọ́n níbí?"

Títí ti pa fóònù. Agnes jókòó ti ìwé náà. Ibẹ̀ ló ti wá rántí àdúrà tí wọ́n gbà sórí ọkọ̀ náà.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìgàńdó ni Ọláníyan ń lọ. Àṣà ìjọ náà ni pé bí ọmọ ìjọ bá ra ọkọ̀, á gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. Wòlíì Gideon á tan àbẹ́là méje yí ìwé náà ká, á wọ́n omi àdúrà sára ọkọ̀, á sì pe orúkọ olówó ọkọ̀ nígbà méje bó ṣe wà nínú ìwé, pé kí ọkọ̀ mọ olówó rẹ̀, kí olówó rẹ̀ má sì fi í sílẹ̀ láéláé. Ọláníyan, bí ìdajì àwọn ará Èkó, kò lọ yí orúkọ padà nígbà tó ra ọkọ̀. Ó ní ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́, wàhálà wo ló tún kù? Nígbà tí Wòlíì wá ń pe Henry Akínbọ́lá, ojú Ọláníyan ti di, ó ń ké àmín bí ẹni tí wọ́n fún ní ìjọba. Agnes gbọ́ orúkọ náà. Ọmọ Áńgílíkà ni òun, ilẹ̀ tútù ń gun ẹsẹ̀ lásán rẹ̀, ebi ń pa á, kò sì fẹ́ dójú ti ọkọ rẹ̀ láàárín ìjọ. Ló bá panu mọ́.

Ó gbé Kòróólà lọ bá Wòlíì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Orúkọ tó wà nínú ìwé ni mo pè o," ni Wòlíì wí, ó ń họ orí lábẹ́ fìlà. Kò jẹ́ kí ojú òun àti Agnes ṣe mẹ́rin. "Ẹ lọ yí ìwé náà sí orúkọ ọkọ yín, sísítà. Ẹ gbé e lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ́n omi yìí, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀ nígbà méje, bí mo ṣe pe ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ kì í ní olówó méjì. Bí alààyè bá wọlé, òkú á jáde."

"Bàbá, ẹ ò ní bá mi lọ?"

"Mo ní iṣẹ́ ìsìn."

Ó na ìgò omi àdúrà sí i. Agnes wò ó tìríra-tìríra, ó gba ìgò omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀. Ẹni tó ta ọkọ̀ ló máa buwọ́ lu òkè, ẹni tó rà á ló máa buwọ́ lu ìsàlẹ̀. Títí kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, Agnes kò sì mọ ilé wọn. Lọ́sàn-án Sátidé, ó jókòó ní pálọ̀, ó ń ronú bó ṣe máa ṣe é, nígbà tí ọkùnrin náà wọlé láti inú mẹ̀sí, tó na ọwọ́ eléèékánná yẹn, tó sì gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó mú bírò. Lójú Agnes, ó buwọ́ lu òkè: Henry Akínbọ́lá, pẹ̀lú ìlà gígùn tó ká lábẹ́ orúkọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nínú ìwé àtijọ́.

Ìdùnnú àti ẹ̀rù gbé Agnes lọ́kàn pọ̀. Ó ti múra ìjà, ó ti múra ẹkún. "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn, bàbá?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Mo ti jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Orógbó há sí i léyín. "Kọ ti ọkọ rẹ síbẹ̀. Buwọ́ lù ú fún un."

Agnes kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́. Ó kọ Ọláníyan Oyèníran síbi ẹni tó rà á, ó buwọ́ lù ú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde. Oòrùn ọyẹ́ mọ́lẹ̀ kedere. Ó gbé ìwé lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó wọ́n omi. Òórùn náà ń ti inú ọkọ̀ jáde débi pé itọ́ ń sun lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bì. Ó gbàdúrà bí Wòlíì ṣe gbà á, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: kí ọkọ̀ mọ olówó rẹ̀, kí olówó rẹ̀ má sì fi í sílẹ̀ láéláé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, òórùn náà dín kù. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ku díẹ̀. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀keje, kò sí mọ́.

Agnes bú sẹ́kún. "Olúwa, o ṣeun," ni ó ń wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ̀sí.

Òórùn mìíràn kí i. Òórùn ọrùn Ọláníyan ni, bó ṣe máa ń rí bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwẹ̀ jáde, èyí tí Agnes máa dá mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ooru bo gíláàsì iwájú láti inú, ó rí róbótó níbì kan ṣoṣo, ó parẹ́, ó tún bò ó, ó tún parẹ́, kíákíá kíákíá, bí ẹni tó fẹnu ti gíláàsì tó ń mí pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Agnes gbé ọwọ́ lé síátì. Awọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan kan sì ń lù kìkì lábẹ́ rẹ̀.

Ó yí padà sí ilé, pé bóyá, bóyá ọkọ òun ṣì wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú Ọláníyan ló wà lójú rẹ̀, sálúbàtà Ọláníyan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó na apá méjèèjì, ó ká wọn, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ń wọ aṣọ tuntun wò. Ó ha ọ̀fun, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ lo pè é," ni ó wí, "ó sì ti dá ọ lóhùn. Wá bu oúnjẹ fún mi."