Àmì Pẹ́ńsù Lára Ìgò Epo

Ohun tí ẹ ti fura sí náà ni: ọkùnrin tó bá ń fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ ara rẹ̀ kò ní pẹ́ fura sí obìnrin tó ń sè é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí obìnrin náà bí Zachariah Gbénró ṣe rí i ní Èrúwà, lóṣù kẹrin ọdún 1969.

Ó dúró lórí àpótí, ó nawọ́ sókè, ó ń to abọ́ tánganran sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Eruku wà nímú rẹ̀. Oòrùn ìyálẹ̀ta gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo etí abọ́ náà sì ń dán yinrinyinrin yí i ká. Gbénró, tíṣà ìṣirò láti Igbó-Ọrà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàgbé ohun tó wá rà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́?"

"Òṣùwọ̀n. Èyí tó ń sọ òótọ́."

Salome sọ̀kalẹ̀, ó gbé kékeré kan tó lójú bí aago wá. Gbénró gbé páálí ṣúgà oní-pọ́n-ùn-kan lé e. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ṣé wúrà lẹ fẹ́ máa fi wọ̀n ni, sà?"

"Oúnjẹ ni."

"Ẹ̀yin náà ń tajà?"

"Rárá. Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín pa Salome. "Áà! Ẹ ò fọkàn tán ọ̀fun yín ni?"

Dókítà ló ní kó dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó fún un ní ìwé tó sọ iye kálórì, ìyẹn agbára tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ inú ara. Èyí ni Gbénró sọ fún gbogbo ayé. Èyí tí kò sọ ni pé ó ní ṣòkòtò tuntun kan, irú èyí tó fún ní itan tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó wà lóde nígbà náà, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì pàdé ihò.

Láàárín oṣù kan, ó ti ra ṣíbí mẹ́rìnlá ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin àpọ́n tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ kò nílò ṣíbí mẹ́rìnlá. Salome mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá a dì wọ́n sínú bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí òjò fi rọ̀ dáadáa, wọ́n ti ń pe ara wọn ní àyànfẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Salome á wọkọ̀ wá sí Igbó-Ọrà, á bá Màmá Abíọ́nà, àbúrò bàbá Gbénró tí orúnkún ń dùn, se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan tí wọn yóò máa gbóná títí di Ọjọ́bọ̀.

Kò sí ohun tí Gbénró kì í wọ̀n. Á wọn abọ́ lófìfo kó tó bu oúnjẹ sí i. Á wọn gàrí kí omi tó kàn án, iṣu lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ ẹ́ tán, ẹran láìsí eegun. Á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

"Gbénró," ni Màmá Abíọ́nà á wí, "iṣu yìí ò ní sá lọ o. Jẹ ẹ́!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Mà," ni Salome á dáhùn. "Tíṣà mi ń ṣe ìdánwò ni."

"Àyànfẹ́," ni Gbénró á bi í, "epo ṣíbí mélòó lo fi sí i?"

"Méjì, olówó orí mi. Ṣé kí n búra?"

Lóṣù kẹjọ, Gbénró gun òṣùwọ̀n ńlá ní ọsibítù. Ó ti fi pọ́n-ùn mẹ́rin kún ara.

Kò sùn dáadáa. Ìṣirò kì í purọ́. Òṣùwọ̀n kò purọ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í purọ́. Ó ku ẹnì kan. Kí ló dé tí ẹni náà yóò fi fẹ́ kó sanra? Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ìdáhùn sì dé: obìnrin tó bá rí ọkùnrin tó wuni tó báyìí, á fẹ́ fi epo bà á jẹ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè gbójú kúrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó mú pẹ́ńsù, ó fàlà sára bébà ìgò epo, níbi tí epo dé gan-an.

Ojú Salome tètè tó o.

"Tíṣà, kí lèyí?"

Gbénró jókòó sójú fèrèsé, ó ń pa ẹ̀pà sísè jẹ. "Àmì ni."

"Ta lẹ fi ń ṣọ́?"

Ó ju èèpo síta. "O ń dọ́gbọ́n bu epo kún ọbẹ̀ mi. O fẹ́ kí n sanra, kí obìnrin mìíràn má baà wò mí."

Salome kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà já lójijì. "Àmì olè lẹ fà lé mi lórí, nínú ilé tí mo fẹ́ wọ̀." Ó gbé òṣùwọ̀n sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ayete. Ẹ wí ẹjọ́ yín níwájú Bàbá Rosaline, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi. Bí wọ́n bá gbà pé mò ń tàn yín, kí kálukú máa lọ."

"Òṣùwọ̀n mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rí ni."

Aago méje ni wọ́n pàdé ní ìdíkọ̀ Igbó-Ọrà. Gbénró ra nǹkan níbẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ kún, ó tún ra nǹkan nígbà tí ọkọ̀ dúró ní ọjà Tápà. Nígbàkígbà tó bá rà á, Salome á ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín mú un." Á tì í sínú apẹ̀rẹ̀, á wolẹ̀ díẹ̀, kó tó dá a padà fún un. Ó tún ń ṣa èèpo rẹ̀. Ọkùnrin tó fura sí ìgò epo kò fura sí apẹ̀rẹ̀.

Ní Ayete, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wí ẹjọ́: oṣù mẹ́ta, gbogbo oúnjẹ tó jẹ, kò ṣì í kọ rí. Epo nìkan ló kù.

Bàbá Rosaline mi orí. "Ó dáa. Ká tó dá a, ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, Bàbá. N kò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀."

Salome fa bébà yọ. "Bàbá, ẹ gbọ́. Àkàrà, ọ́ǹsì mẹ́sàn-án. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, láìka èèpo, mẹ́wàá. Àgbàdo sísun, mo ti yọ ṣùkù rẹ̀ kúrò, méje. Ẹ̀pà, méje. Gúgúrú, méjì."

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ!" ni Gbénró kígbe. "Ìpanu ni!"

"Òótọ́ ló sọ," ni Bàbá Rosaline wí. "Ìpanu kì í ṣe oúnjẹ. Èmi náà ti jẹ àkàrà, ebi sì ń pa mí."

"Bàbá," ni Salome wí, "òṣùwọ̀n ò gbọ́ Yorùbá."

Gbénró ń ṣí ìwé rẹ̀ sókè sódò. Oṣù mẹ́ta, kò sí ẹ̀pà kan ṣoṣo níbẹ̀. Òógùn bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n Salome lojú rẹ̀ ń wò.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ mọ́. Dákun, fẹ́ mi bẹ́ẹ̀."

"N ó fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni pẹ́ńsù yóò máa wà."

"Mo fọwọ́ sí i," ni Bàbá Rosaline wí. "Olúwa á jẹ́ kó yẹ yín."

Gbénró gba bébà náà. Nítorí pé tíṣà ìṣirò ni, ó rò ó pọ̀, ó tún un rò. Ọ́ǹsì márùndínlógójì, ìyẹn pọ́n-ùn méjì àti ọ́ǹsì mẹ́ta ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò sì tíì lù.