Àga Tí Làtíìfù Dìde Lórí Rẹ̀

Bí o bá ti wọ bọ́ọ̀sì rí láti Elephant wá sí Peckham nílùú ọba lọ́dún tó kọjá, ó ṣeé ṣe kí o ti rí Adébánjí. Òun ni ọkùnrin tó máa ń dúró, tó di irin mú gírígírí, nígbà tí àga ṣófo lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ẹ̀yìn kọ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jókòó.

Adébánjí ń ta bàtà awọ ní òpópónà Rye Lane ní Peckham. Ó lówó díẹ̀; ìgbéraga rẹ̀ ló pọ̀ ju owó náà lọ. Bí ẹni tó kéré sí i bá kí i láìtẹrí ba, á dá a padà pé kó wá kí òun bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: ẹni tó juni lọ lè juni nù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjókòó iwájú ni wọ́n ń fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n, ọ̀rẹ́ mi, èèyàn lè jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kó má tíì mọ Jésù.

Ẹnì kan wà tí wọ́n jọ máa ń lọ ra ọjà. Làtíìfù lorúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí tó ń fi gbogbo ọkàn kírun, ọkọ Hàlímọ̀tù. Tọkọtaya náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré nítòsí Adébánjí. Ọdún méjì péré ni Adébánjí fi ju Làtíìfù lọ, kò sì jẹ́ kó gbàgbé ọdún méjì náà rí.

Ìlú ńlá kan wà létí òkun ní Àríwá Áfíríkà tí wọ́n ti ń ra awọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti sunkún tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì yà sí ilé tíì kan níbẹ̀ láti sinmi. Làtíìfù ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì jókòó sí kọ̀rọ̀, lẹ́yìn òpó ńlá kan. Àga kan ṣoṣo tó kù wà lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn.

Adébánjí dúró tì í lórí.

"Làtíìfù, nínú èmi àti ìwọ, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Làtíìfù rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Bánjí, ẹsẹ̀ ń ro mí o. Since morning la ti ń rìn kiri."

"Mo ní ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Làtíìfù dìde. Ó fi ọwọ́ nu àga náà, ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Ó gbé ife tíì rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin méjì ló jáde lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n di àdó olóró mọ́ra lábẹ́ aṣọ. Ọ̀kan pa ara rẹ̀ àtàwọn èèyàn láàárín ọjà. Èkejì dé ẹnu ọ̀nà ilé tíì. Wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run làwọn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pa.

Òpó ńlá yẹn ló gba Adébánjí. Etí rẹ̀ dí, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àmọ́ kò sí ọgbẹ́ kan lára rẹ̀. Nígbà tó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí àga, kò rí Làtíìfù.

Nígbà tó padà dé Peckham, ohun kan ṣoṣo ni Hàlímọ̀tù bi í. "Bọ̀dá, ṣebí ẹ jọ wà pa pọ̀ ni. Kí ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà?"

Ojú ti Adébánjí láti sọ òótọ́. Ó ní, "Fóònù rẹ̀ ló dún. Ó dìde lọ gbà á."

Ẹyin lohùn. Hàlímọ̀tù bi ẹbí, ó bi ọ̀rẹ́, ta ló pè é? Kò sẹ́ni tó pè é. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn lábẹ́lẹ̀ ní Rye Lane: ta ló pe Làtíìfù síta ní àsìkò yẹn gan-an? Ṣé kò mọ nǹkan kan nípa àwọn aládòó olóró yẹn? Oníbàárà ń dín kù ní ṣọ́ọ̀bù opó. Lọ́jọ́ tí Adébánjí gbé àpò ìrẹsì lọ bá wọn, ó gbọ́ tí Rahmah, ọmọ olóògbé, ń bi ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, ṣé Daddy mọ àwọn people yẹn ni?"

Adébánjí gbé ìrẹsì sílẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè jókòó. Bó bá ti fẹ́ jókòó báyìí, á rí ọwọ́ kan tó ń nu àga náà. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan dìde fún un, ó ní, "Uncle, ẹ jókòó." Adébánjí sọ̀ kalẹ̀ ní Camberwell, níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ, ó fẹsẹ̀ rìn délé nínú òjò. Ó ń dúró jẹun. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn pátápátá ló ń dúró sí, wọ́n sì ń yìn ín pé ó nírẹ̀lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á tọ̀sán-tòru.

Theophilus, ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó bá a tó ń jẹ búrẹ́dì lóròó. Ó bi í léèrè títí Adébánjí fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Theophilus kò tù ú nínú. Ó ní, "Bánjí, àwọn apànìyàn yẹn pa Làtíìfù. Ìwọ lò ń pa orúkọ rẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kò sí ohun tí o lè ṣe tó máa jí i. Ṣùgbọ́n gbọ́. Làtíìfù ò mọ̀ pé ikú wà lórí àga kejì. Jésù mọ̀. Ó rí ikú níbi tó yẹ kí èmi àti ìwọ jókòó sí, kò dúró kí ẹnikẹ́ni lé òun dìde. Ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. O ti ń kọrin rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún wá, o ò tíì gbà á."

Adébánjí kúnlẹ̀ láàárín páálí bàtà. "Jésù, agbéraga ni mí. Òpùrọ́ ni mí. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, Theophilus ní, "O mọ ibi tó kàn."

Wọ́n ń ṣe àdúrà ọdún kan Làtíìfù nílé Hàlímọ̀tù lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí Alfa parí àdúrà, Adébánjí tọrọ àyè. Ọkùnrin tí kì í tẹrí ba fún ẹni tó kéré sí i dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, lójú gbogbo èrò.

"Fóònù kankan ò dún," ó ní. "Èmi ni mo lé e dìde, torí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Làtíìfù ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Irọ́ ni mo pa."

Rahmah bú sẹ́kún. Hàlímọ̀tù kò sọ pé òun dárí jì í lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bọ̀dá."

Adébánjí sì jókòó.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá inú bọ́ọ̀sì lo wà báyìí, bóyá o ń dúró de ọkọ̀. Irọ́ wo ló ń lé ọ kiri? Orúkọ ta lò ń pa kí tìrẹ lè mọ́? Ẹnì kan ti kú níbi tó yẹ kí o kú sí. Ó mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ. Adébánjí fi ọdún kan gbáko sá fún un. Àwọn tó wà nílé tíì yẹn kò ní ọdún kan, wọn ò tilẹ̀ mu tíì wọn tán.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Kí ọkọ̀ tó dé ibi tó máa dúró sí, ké pe Jésù níbi tí o wà. Jẹ́wọ́ fún un, kí o sì lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Jésù ti nu àga sílẹ̀ dè ọ́.