Ìtẹ́lẹ̀ Bàtà Màmá Aránṣọ

"Ẹ tún rìn ín kí n rí i," ni dókítà ẹsẹ̀ wí.

Màmá Aránṣọ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó yí padà, ó tún fi ijó díẹ̀ kún un. Gbogbo àwa tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ká má parọ́, owú ń jẹ mí gan-an.

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti màmá yìí bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Gìgísẹ̀ ló ń dun àwa méjèèjì. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ló fa tiẹ̀; eré sísá ló fa tèmi. Láàárọ̀, bí mo bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àfi bí ẹni tẹ ìṣó. Ìdíje ilé ẹ̀kọ́ wa sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ eré ìdárayá ti ní bí ẹsẹ̀ mi ò bá san, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò mi. Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ ìyá àgbà yóò fi san ṣáájú tèmi?

Mo rò ó títí, mo rí ìdáhùn tó wù mí. Dókítà ti gé ìtẹ́lẹ̀ rọ́bà fún àwa méjèèjì pé ká máa fi sínú bàtà. Àwọ̀ kan náà ni, àmọ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá Aránṣọ nípọn ju tèmi lọ. "Ojúsàájú," ni mo wí nínú ara mi. "Ó fún un ní èyí tó dáa, ó fún mi ní àjẹkù."

Nígbà tí màmá bọ́ bàtà, tó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kí wọ́n lè wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà. Mo yọ ìtẹ́lẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, mo fi tèmi rọ́pò, mo sì fi tirẹ̀ sínú bàtà mi tayọ̀tayọ̀.

Ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Lọ́jọ́ kẹta tí mò ń sáré lórí pápá, ìrora orúnkún àti ti ìbàdí dara pọ̀ mọ́ ti gìgísẹ̀. Mo jókòó lulẹ̀. Olùkọ́ ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn pe ọmọ tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì, ó fún un ní nọ́ńbà mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá Aránṣọ tiro wọlé, ó jókòó tì mí.

"Ọmọ mi, ó tún ti dé o. Ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fi lè tẹ máṣíìnì. Bóyá mo ti yọ ayọ̀ àyọ̀jù. Tìẹ ńkọ́?"

Tèmi tó béèrè yẹn ló pa mí. Mo bú sẹ́kún, mo yọ ìtẹ́lẹ̀ náà fún un, mo jẹ́wọ́.

Ó wò ó, ó wò mí. "O jí ẹsẹ̀ mi wọ̀! Ojú mi ńkọ́? Ṣé wàá gbà á lọ fi kàwé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Dókítà ló ṣàlàyé: "Ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá kúrú díẹ̀ ju tòsì lọ, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi nípọn. Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ dọ́gba, o wá fọwọ́ ara rẹ gbé ọ̀kan ga ju ìkejì lọ. Ìdárayá tí mo ní kó o máa ṣe nílé ńkọ́?"

"Mo ṣe é... lọ́jọ́ méjì, sà."

"Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!" Màmá Aránṣọ pariwo. "Láràárọ̀ ni mò ń fi tówẹ̀lì fa àtẹ́lẹsẹ̀ mi kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń tukọ̀. A kì í wo aago aláago ṣiṣẹ́, ọmọ yìí. Ìrìn mi lo rí, o ò rí tówẹ̀lì mi!"

Ó ní ìyà mi ni pé kí n máa wá sí ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, kí n ṣe ìdárayá náà lójú òun.

Mo lọ. Wọ́n ṣe ìdíje láìsí mi. Ọmọ tó gba nọ́ńbà mi ló ṣe ipò kìíní. Mò ń pàtẹ́wọ́, mò ń gbé itọ́ kíkorò mì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo tún lọ fa ẹsẹ̀ mi.

Oṣù méjì kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rìn dé balùwẹ̀, mo fọ eyín tán kí n tó rántí pé ó yẹ kí gìgísẹ̀ máa dùn mí. Mo ké pe ìyá mi. Wọ́n sáré dé. Mo kàn ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, mò ń sunkún ayọ̀.

Owú ṣì máa ń jẹ mí nígbà mìíràn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo ti mọ̀ pé ohun tó wo ẹlòmíràn sàn lè pa mí lára, àti pé èèyàn lè jí ìtẹ́lẹ̀ bàtà, kò sẹ́ni tó lè jí sùúrù.