Ààrò Uswat Dé Kóòtù

Búrẹ́dì àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní bẹ́kìrì Uswat l'Ágége nígbà tí òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba kan wọlé, tó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ìlànà tuntun ni: gbogbo ẹni tó ń fi ààrò bíríkì yan búrẹ́dì gbọ́dọ̀ wó o kí ọdún tó parí. Ì báà mọ́ tónítóní, wíwó ni.

Uswat ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ló mọ ààrò náà nígbà tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí wọ́n bá wó o, iṣẹ́ Uswat parí nìyẹn.

Alájì Mukhtar, alága ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, ní kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Ni òun àti Uswat bá gba ọ́fíìsì àjọ náà ní Aláúsá lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n kúnlẹ̀ fún akọ̀wé. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá jẹ búrẹ́dì, ó ní àwọn yóò wò ó. Oṣù méjì ààbọ̀ kọjá, wọn ò tíì wò ó tán.

Lọ́jọ́ kan, Olúfọlákẹ́, lọ́yà kan tó ń gbé Ifákọ̀-Ìjàyè, wá ra búrẹ́dì. Ó ka ìwé ara ògiri, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ yìí sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré lẹ ní láti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù. Ó ti ku ọ̀sẹ̀ méjì."

Uswat ní, ta lòun tóun fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́?

"Òfin ló dá àjọ yẹn sílẹ̀, mà. Òfin yẹn náà ló sọ ibi tí agbára wọn mọ. Bí wọ́n bá kọjá ibẹ̀, adájọ́ lè wọ́gi lé ohun tí wọ́n ṣe."

Uswat gbà, Olúfọlákẹ́ sì bá a gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ n'Íkẹjà, adájọ́ ò pariwo. Ó kàn bi lọ́yà àjọ léèrè pé abala wo nínú òfin wọn ló ní kí wọ́n wó ààrò. Ọkùnrin náà ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Mi ò rí i, Olúwa mi."

Ìyanu ńlá ni fún Uswat. Àjọ tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún láti oṣù mélòó kan wá, òun ló dìde dúró tó ń jẹ́jọ́, nítorí ààrò obìnrin kan l'Ágége. Kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà láyé. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Adájọ́ wọ́gi lé ìlànà náà. Ó ní àjọ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìmọ́tótó wò, nítorí ìyẹn wà nínú òfin. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àwọn òṣìṣẹ́ àjọ wá yẹ bẹ́kìrì náà wò, Uswat sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ìlànà àjọ kan bá ni yín lára, ẹ kọ ọjọ́ tó jáde sílẹ̀. Ẹ béèrè òfin tó fún wọn lágbára, kí ẹ sì tètè wá lọ́yà. Ìjọba ní ọ́fíìsì tó ń bá mẹ̀kúnnù rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í dá ọjọ́ dúró.