Èkùrọ́ Àwọn Ìyá Omifunfun

"Ọmọ mélòó lẹ bí, mà? Mélòó ló kú nínú wọn?"

Ìyá Pius gbójú sókè níbi tó ti ń pa èkùrọ́, ó wo Ọmọ́wùmí tìbínú-tìbínú. "Ta ló bí ọ? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Kúrò níbí kí n tó da omi lé ọ lórí."

Ilé kẹta tí wọ́n ti lé e nìyẹn. Ọdún kejì òmìnira ni. Àwọn dókítà láti Ìbàdàn àti àwọn ará agbègbè Odigbo ló jọ ń ṣèwádìí ohun tó ń pa ọmọdé, kí wọ́n lè mọ abúlé tó yẹ láti kọ́ ilé ìtọ́jú sí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Mọ́dàn ló ń bá wọn kọ̀wé láti ojúlé dé ojúlé. Abúlé Omifunfun ni wọ́n fún Ọmọ́wùmí, òun náà sì ti fọ́nnu kiri pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é tó òun.

Joanna ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sìn ín wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Jókòó sábẹ́ igi kòkó, kí o kọ èyí tó bá wù ọ́. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó mà jókòó lóòótọ́! Ilé yìí bí mẹ́rin, ilé tọ̀hún bí márùn-ún. Ẹ̀rù ń bà á láti kọ ikú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí, nítorí náà kò sẹ́ni tó kú nínú ìwé rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ọmọ́wùmí kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà Gbádéyan, olórí ìwádìí náà, pe gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Omifunfun ò ní ìṣòro rárá. Ibòmíràn la ó kọ́ ilé ìtọ́jú sí."

Ọmọ́wùmí ti fojú ara rẹ̀ rí òkìtì sàréè kéékèèké mẹ́ta lẹ́yìn ilé Ìyá Pius. Joanna tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó panu mọ́. Síbẹ̀, Ọmọ́wùmí dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni mo kọ."

Ojú tì í, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Dókítà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló dé?"

"Wọn ò fẹ́ ká ka ọmọ àwọn, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n padà lọ. Wọn ò ní fẹnu kà á, èkùrọ́ ni wọn ó fi sọ ọ́."

Ó padà lọ, ó kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Pius, ó gbé igbá méjì kalẹ̀: ọ̀kan fún ọmọ tó wà láyé, ọ̀kan fún èyí tó ti lọ, èkùrọ́ kan fún ọmọ kan. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń gbọ́ bí èkùrọ́ ṣe ń bọ́ sínú igbá, ó sì ń gbọ́ ẹkún.

"Ìgbẹ́ gbuuru ló pa wọ́n," ni ìyá náà wí. "Omi odò yẹn ni."

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìyá abúlé ti ju èkùrọ́ tiwọn sínú igbá. Nígbà tí Ọmọ́wùmí gbé igbá náà wá, tí Dókítà ka èkùrọ́ inú ti àwọn tó lọ, mọ́kànlélógójì ló bá níbẹ̀.

Omifunfun ni wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú sí, wọ́n sì gbẹ́ kànga síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Dókítà ní ọmọ Odigbo ló kọ́ àwọn ní ọ̀nà ìwádìí tí àwọn yóò máa lò káàkiri. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Pius fa Ọmọ́wùmí jáde síwájú gbogbo ayé.

"Ẹ wò ó dáadáa! Ó parọ́ mọ́ wa, kò sì jẹ́ kí irọ́ náà sùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ló ń rí i tún ṣe. Ọmọ wa ni!"